Ìwé Ìdúpẹ́ tí Kíkẹ́ Kọ

"Mi ò ní mu ún."

Kíkẹ́ Oyèwọlé ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ká apá méjèèjì mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn fèrèsé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi ṣíbí ro oògùn pọ̀ mọ́ omi ọsàn nínú ife kékeré kan. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Yábàá, èèyàn bíi mẹ́jọ ló sì wà lórí ìlà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà.

"Bí o kò bá ní mu ún, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó fẹ́ mu ún ráyè kọjá," ni nọ́ọ̀sì náà wí. Sístà Gertrude ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

Màmá Kíkẹ́, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, ti fẹ́ máa bẹ nọ́ọ̀sì. Kíkẹ́ dá a dúró.

"Ẹ má bẹ̀ wọ́n, Màmá. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti di bárakú fún mi. Kí wá ni wọ́n tún fẹ́ fún mi yìí? Ṣebí ọmọ ìyá abẹ́rẹ́ náà ni. Ṣé ẹni tí ẹmu ń pa ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ wò sàn ni?"

Ọkùnrin gíga kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Sójà ni tẹ́lẹ̀, Ṣàfíù lorúkọ rẹ̀, ogun abẹ́lé sì ti gba apá òsì rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ lọ. "Àbúrò, ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Èmi náà bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dá mi lóhùn ẹyọ kan péré: ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Kíkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Imú rẹ̀ ń ṣomi, gbogbo eegun ara rẹ̀ ń ro ó, òtútù sì ń mú un nínú oòrùn.

Ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ ká mọ bí ọmọ ọdún méjìdínlógún tó mọ̀wé ṣe dé iwájú fèrèsé yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ tó ń gba apá òsì títì bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò títí ó fi sú èèyàn. Kíkẹ́ gbọ́ ọ, òun gan-an ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Àmọ́ ohun tó ti mọ́ ọrùn lára láti kékeré, ẹnu lásán kò lè kọ́ ọ ní òmíràn lọ́sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró létí títì ní Ojúẹlẹ́gbà, ó wo ìhà tí ọkọ̀ ti máa ń wá láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí nǹkan kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti ìhà kejì ló gbá a.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárín oṣù márùn-ún, abẹ́rẹ́ pẹ́tídínì ni wọ́n sì fi ń pa ìrora. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀, ìrora náà tó abẹ́rẹ́ gbà. Ìgbà tó délé ni nǹkan wọ́. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, ni màmá rẹ̀ bá lọ pe Ògúntádé oníkẹ́mísì ní Múṣin wá. Ògúntádé ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ ìgò fífọ̀ nìkan ni iṣẹ́ tó ṣe rí nílé ìwòsàn. Òun ló ń wá gún Kíkẹ́ lábẹ́rẹ́ nílé. Nígbà tó yá, Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń wá a lọ. Kó tó pé ọdún kan, ẹsẹ̀ ti jinná tán, ó ku kí ó máa tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n Kíkẹ́ kò lè jí kó má gba abẹ́rẹ́. Ó ń sùn ní kíláàsì. Ó ta aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó sọnù. Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé kọ̀wé pe àwọn òbí rẹ̀ ni àṣírí tú, màmá rẹ̀ sì gbé e wá bá dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tó mọ ìwòsàn irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Sístà Gertrude gbé ife náà sórí pákó fèrèsé. "Mẹ́tádónì lorúkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ò ń gbà máa ń gbé ọ sókè, á sì là ọ́ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Eléyìí kì í gbé èèyàn lọ síbì kankan. Á mú ara rẹ dúró sójú kan títí di àárọ̀ ọ̀la, kí o lè jẹun, kí o kàwé, kí o sì rí agbára bá màmá rẹ jà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìgbà tí ìwọ àti dókítà bá jọ rí i pé ó tó. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe kì í bi wá bẹ́ẹ̀."

"Màá mu ún," ni Kíkẹ́ wí, "ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́."

"Ta ló ní kí o gbà á gbọ́? Mu ún." Nígbà tó mu ún tán, Sístà ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Mo fẹ́ mọ̀ pé o ti gbé e mì ni."

Kíkẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lórí ìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Sístà pé ó ti tó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àràárọ̀, kí aago méje tó lù, Kíkẹ́ á ti wà ní iwájú fèrèsé yẹn pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Lóòótọ́, inú rírun bá a díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, dókítà sì ń fi kún oògùn náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ara rẹ̀ mu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń sùn. Ó ń jẹun dé ibi pé màmá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọbẹ̀ pamọ́. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá ku oṣù kan, ó sì ti ń ka ìwé tó ti pa tì láti ọdún tó kọjá. Kò sọ fún Sístà Gertrude pé òun ti gba oògùn náà gbọ́. Kò sí bí a ṣe máa mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu Kíkẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Oyèwọlé, ọ̀gá akọ̀wé ní iléeṣẹ́ Relúwéè, kì í ṣe èèyàn burúkú o. Nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì di ẹsẹ̀ Kíkẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ṣùgbọ́n èèyàn pàtàkì ni nínú ìjọ Áńgílíkà wọn ní Súrùlérè, wọ́n sì ti ń dárúkọ rẹ̀ fún oyè Bàbá Ìjọ. Bó ṣe rí i pé ojú ọmọ òun ti walẹ̀, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ pé ìdílé òun máa ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ á kọ ìdí ọpẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, á fi í sínú àpòòwé, kátíkíìsì á sì kà á sókè kí ìdílé náà tó jó lọ síwájú pẹpẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó pe Kíkẹ́ wá sí pálọ̀, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ náà dára ju tiẹ̀ lọ.

"Kọ ọ́ báyìí," ni bàbá wí. "'Ìdílé Ọ̀gbẹ́ni T. A. Oyèwọlé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìwòsàn pípé tó fún ọmọ wọn, Kíkẹ́lọmọ, tí ara rẹ̀ fi yá ṣáṣá láìlo oògùn kankan mọ́.'"

Bírò Kíkẹ́ dúró. "Bàbá, mo ṣì ń lo oògùn."

"Mo mọ̀. Láti ọ̀la lọ, o ò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Mi ò lè parọ́ níwájú pẹpẹ."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bàbá Kíkẹ́ kì í purọ́, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kàkà kó yí ìwé padà kó bá òótọ́ mu, òótọ́ ló fẹ́ yí padà kó bá ìwé mu.

"Bàbá Kíkẹ́, dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì," ni màmá wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà ò sí nínú ìjọ wa. Wo ọmọ náà. Kí ló kù tó ń ṣe é?"

Kíkẹ́ wo ara rẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn nìyí: oògùn ló ń mú ara wọn yá, ara tó yá á sì sọ fún wọn pé oògùn kò wúlò mọ́. Ó tún rántí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó kọ ìwé náà parí, ó fi í sínú àpòòwé, ó sì gbé e fún un.

Ọjọ́bọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yán, imú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, awọ ara rẹ̀ sì ta bíi ti adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi mọ́, inú rẹ̀ ń lọ́, itan rẹ̀ ń fò, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé jọ́gíráfì tó dúró lójú rẹ̀. Ó sọ fún màmá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ yá ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun Saidat ní Múṣin. Múṣin ló lọ lóòótọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ Saidat.

Ògúntádé rí i láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì na àga sí i bí ẹni tó ti ń retí àlejò.

"Wọlé, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o máa padà wá. Wọ́n ní o ń lọ mu omi ọsàn ní Yábàá. Omi ọsàn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́."

Kíkẹ́ jókòó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ògúntádé ti fa pẹ́tídínì sínú abẹ́rẹ́, iye tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀ gan-an, ó sì ń fi ìka ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Sístà Gertrude ti kìlọ̀ fún un rí nípa èyí. Ó ní ara tó ti kúrò nídìí abẹ́rẹ́ kò lágbára láti gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, pé òun mọ ọmọkùnrin kan tó padà gbà á bẹ́ẹ̀, tí wọn ò sì rí i jí. Kíkẹ́ rántí, ẹ̀rù sì bà á. Ká sòótọ́, ẹ̀rù náà kò tó láti gbé e dìde, nítorí ara tó ń fẹ́ nǹkan kì í gbọ́ ìkìlọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́ ju bí o ṣe mọ ara rẹ lọ," ni Ògúntádé wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo yín lẹ máa ń padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́ mọ́ Ògúntádé lọ́wọ́. Láti kékeré, kò sí ohun tí Kíkẹ́ kórìíra bíi kí ẹnì kan sọ pé òun ti mọ ohun tó máa ṣe. Agídí yìí ni ìyá rẹ̀ ti nà án fún tí kò lọ, òun náà ni olùkọ́ kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ru sókè ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ ò mọ̀ mí, sà," ló wí. Ó dìde, ó tiro jáde, kò sì wẹ̀yìn nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, òun máa padà.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì fi máa gbé e dé Yábàá, ọ̀sán ti pọ́n, wọ́n sì ti pa fèrèsé dé. Ó kàn án. Ó tún kàn án. Sístà Gertrude ṣí i pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó ti ń lọ sílé.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni Sístà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n má wá mọ́ ni. Mo sì gbà."

"Ṣé o gba abẹ́rẹ́?"

"Rárá, mà. Ó kù díẹ̀."

Sístà yẹ apá rẹ̀ méjèèjì wò, ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó sì lọ pe dókítà. Dókítà bi í ní gbogbo ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ní kí wọ́n fún un ní oògùn. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kí wọ́n lè máa wò ó, ibẹ̀ ló sì ti bá Ṣàfíù, tó ń dúró de ẹgbẹ́ rẹ̀ sójà kan tó ń rí dókítà. Kíkẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé ìdúpẹ́ náà fún un.

"Bàbá mi ní àwọn ò lè dúpẹ́ àfi tí mo bá bọ́ lọ́wọ́ oògùn."

Ṣàfíù yíjú sí i. "Àbúrò, nígbà tí mo ti ogun dé, àwọn ará ilé mi pe gbogbo mọ́ṣáláṣí jọ, wọ́n dúpẹ́ pé mo padà láàyè. Apá mi nìyí o, o rí i. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ lọ hu òmíràn kí àwọn tó dúpẹ́."

Kíkẹ́ wo apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó yá òun ní bírò.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ti mu oògùn rẹ̀ kó tó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àpòòwé tó wà nínú Bíbélì bàbá rẹ̀ ṣì ni àpòòwé yẹn, ìwé inú rẹ̀ ni kì í ṣe ìwé yẹn mọ́. Ó yẹ kó sọ fún bàbá rẹ̀ kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò ní gbè é lórí ìyẹn. Àmọ́ ó mọ ohun tí ìdáhùn máa jẹ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Kátíkíìsì wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"'Ìdílé Ọ̀gbẹ́ni T. A. Oyèwọlé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ wọn, Kíkẹ́lọmọ, tí abẹ́rẹ́ pẹ́tídínì ti di bárakú fún...'" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo Bàbá Kíkẹ́, ó wo ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà níwájú ìjọ kò ní ibi tó máa sá sí. "'...tó sì ń lo oògùn lójoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn. Ó lo ti àárọ̀ yìí, yóò lo ti ọ̀la. Wọ́n dúpẹ́ fún oògùn náà, fún àwọn tó ń fún un, àti pé ó wà láàyè.'"

Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ ẹ́ tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Bàbá Kíkẹ́ jókòó, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kíkẹ́ dìde, ó bọ́ sí àárín ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ síwájú pẹpẹ lóun nìkan. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó, àmọ́ kò dúró. Nígbà tó dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbúròó bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá rẹ̀ ni, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe bó ṣe ń bọ̀. Ìgbà náà ni dùùrù dún.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan yí ọ̀nà padà kí wọ́n má baà kí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀, fa Kíkẹ́ lápá sí ẹ̀yìn òpó. "Ọmọ mi, aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?" Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kálukú kò kàn la ẹnu sọ ọ́ ni.

Nílé, bàbá rẹ̀ kò bọ́ kóòtù kó tó pè é.

"O máa padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Àwọn baba wa ló sọ ọ́, ikú yá ju ẹ̀sín."

Kíkẹ́ kúnlẹ̀ dáadáa, orókún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni kò kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi pé mo pààrọ̀ ìwé yín láìsọ fún yín. Ìyẹn nìkan ni màá tọrọ àforíjì fún. Ẹ̀sín tí ẹ ń wí, ẹ̀yin ló kàn. Ikú tí ẹ ń wí, èmi ló kàn. Lánàá, abẹ́rẹ́ Ògúntádé kù díẹ̀ kó wọ apá mi, nítorí kí ìwé ìdúpẹ́ lè jẹ́ òótọ́. Bí mo bá kú, ṣé ẹ máa dúpẹ́ ìyẹn náà? Ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, màá wà ní Yábàá."

Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà ni Kíkẹ́ lọ mu oògùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó bá bàbá rẹ̀ nínú kóòtù àti táì lẹ́nu ọ̀nà kó tó di aago mẹ́fà àbọ̀. Bàbá ní òun náà ń gba ìhà Yábàá lọ síbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni Relúwéè wà, bàbá kò sì gba Yábàá lọ síbẹ̀ rí. Kíkẹ́ gbé àpò ìwé rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ó sì lo oògùn náà fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin kí òun àti dókítà tó jọ dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́: ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún kì í ṣe ẹni ègbé, aláìsàn ni. Oògùn tí dókítà fún un kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá, ẹ má sì dá a dúró nítorí ojú ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ẹ̀mí yín tọ́jú orúkọ òun, ẹ kúnlẹ̀ fún un bó bá jẹ́ àgbà, kí ẹ sì sọ fún un pé rárá.